Mẹ́wàá Kì Í Ṣe Ọmọ Ìyá Mẹ́wàá

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òwe yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan o. Ó bá kẹ̀kẹ́ ológeere wí pẹ̀lú. N kò tíì rí ohun tó ń tan àwọn oníkẹ̀kẹ́ jẹ tó iye gíà tí wọ́n ń kà.

Nígbà tí owó epo ọkọ̀ fò sókè ní 2023, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe káfíńtà ní Bódìjà rí i pé owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà ti fẹ́ jẹ owó iṣẹ́ òun tán. Ló bá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, tó ní àwo eléyín mẹ́wàá lẹ́yìn. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí i lọ́wọ́. Àfi lọ́jọ́ tí gíà ẹ̀yìn kán, ìyẹn irin tó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó ń ti ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó ta òmíràn fún un ní kó fọkàn balẹ̀: "Gíà mẹ́wàá lo ní, gíà mẹ́wàá ni mò ń tà fún ọ, Shimano sì ni méjèèjì. Kí ló tún kù?" Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló kó lé e lọ́wọ́.

Wọ́n dè é tán, ìjà dé. Ṣéènì ń han, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ wá ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó tà á, kó padà sínú ọkọ̀, o jàre.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹni tó bá mọ ìlù dùndún á tètè yé. Bí onílù bá ṣe fún ọṣán tó ni ohùn ṣe ń ròkè tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ gíà ń fa wáyà, tí wáyà ń fa gíà ẹ̀yìn. Láyé ijọ́un, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló ń fi etí àti ọwọ́ wá ibi tí ṣéènì máa bọ́ sí. Ọdún 1984 ni Shimano gbé èyí tó ń dún "kọ́" jáde: kọ́ kan, àwo kan. Látìgbà náà ni ìṣirò ti wọ̀ ọ́.

Lórí kẹ̀kẹ́ eré ìje oní-mẹ́wàá, àwo kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 3.95. Kọ́ kan ń fa wáyà ní 2.3. Gíà ẹ̀yìn tirẹ̀ á sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7, ìyẹn 3.91. Ó ṣe wẹ́kú. Ṣùgbọ́n ní 2010, nígbà tí Shimano ṣe oní-mẹ́wàá ti kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí wọ́n fi ń gun orí òkè, wọ́n yí i padà: kọ́ kan ń fa wáyà tó 3.4, gíà ẹ̀yìn sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2 péré. Ohun tí wọ́n tà fún ọmọ wa nìyẹn. Ìlọ́po 1.2 fún 2.3 kò ju 2.76 lọ. Ṣéènì kò lè dé ibi tó ń lọ, àbí?

Mo ní kó lọ wá gíà ẹ̀yìn oní-mẹ́sàn-án ti onítáyà ńlá, nítorí ìlọ́po 1.7 ni ìyẹn ṣì ń ṣe. Àwọn tó ń tà á fi rẹ́rìn-ín: "Mẹ́sàn-án fún mẹ́wàá kẹ̀?" Wọ́n sì fún un ní pọ́ọ́kú. A dè é, a tún un ṣe díẹ̀; kọ́, kọ́, kọ́, ṣéènì ń bọ́ sórí àwo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Gíà ẹ̀yìn kò mọ̀ǹkà. Ọwọ́ gíà ló ń kà á fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ẹ má béèrè iye gíà nìkan. Ẹ béèrè irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti tú u àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára: lára ti Shimano, RD ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí M bá sì tẹ̀ lé e, ti onítáyà ńlá ni sáábà. Bí gbogbo rẹ̀ bá sú yín, ẹ wá ọwọ́ gíà àtijọ́ tí kì í dún kọ́. Ìyẹn kì í sáábà bá gíà ẹ̀yìn oníwáyà jà, nítorí ọwọ́ ẹni fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò.