Oríkì Fóònù Lẹ́nu Ọ̀nà Ìkànnì

Bí ẹnì kan bá jókòó sí Pánṣẹ́kẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, tó tẹ àdírẹ́sì ìkànnì kan sórí fóònù, fóònù náà á ti sọ̀rọ̀ kí ojú ìwé tó yọ. Á ti fi ìlà ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà dání, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní server. User-Agent lorúkọ ìlà yìí. Oríkì fóònù ni: browser tó ń lò, àti, tẹ́lẹ̀ rí, Android tó wà lórí rẹ̀ àti àwòṣe tó jẹ́. Òun ni server máa ń gbọ́ kó tó pinnu bóyá ojú ìwé ńlá ni kóun fi ránṣẹ́ tàbí kékeré.

Irọ́ pọ̀ nínú oríkì náà. “Mozilla” ni ọ̀pọ̀ jù lọ browser fi ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ browser Netscape ló ni orúkọ yẹn láti 1994. Nígbà náà, àwọn ìkànnì kan ń fi ojú ìwé tó dára jù pamọ́ fún Netscape nìkan. Ni Internet Explorer ti Microsoft bá ní Mozilla lòun náà, kí wọ́n má baà dá òun padà. Chrome òde òní ṣì ń jẹ́ Mozilla, ó tún ń jẹ́ Safari, ojú kì í tì í.

Ní 2001, Luca Passani àti Andrea Trasatti bẹ̀rẹ̀ WURFL, àkójọ àwọn fóònù tí server lè yẹ̀ wò. Bó bá gbọ́ orúkọ Nokia kan, á rí i níbẹ̀ bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti irú àwòrán tó lè gbé. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ fóònù tí orúkọ rẹ̀ kò bá tíì wọ ìwé, àfi kí server máa méfò. Ọjà tiwa kì í sì í dúró de ìwé ẹnikẹ́ni: Tecno, itel àti Infinix, tí Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe, kì í yé kó àwòṣe tuntun dé.

Opera Mini, browser tó dé ọwọ́ gbogbo ayé ní 2006, tún dá kún ìṣòro náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹ̀rọ Opera ló ń lọ gba ojú ìwé wá, tó ń fún un pọ̀, kó tó fi í ránṣẹ́ sí fóònù. Bí ìkànnì kò bá fura, ẹ̀rọ Opera ni yóò kà sí àlejò. Opera ní láti fi ìlà mìíràn kún un, X-OperaMini-Phone-UA, kó lè dárúkọ fóònù tó rán an níṣẹ́.

Láti 2023 ni Google ti gé oríkì Chrome rẹ̀ kúrú lórí fóònù Android, torí ó ti di ohun tí wọ́n fi ń tọpa ènìyàn láti ìkànnì dé ìkànnì. “Android 10; K” ni gbogbo fóònù Android ń jẹ́ nínú Chrome báyìí, àti itel tó kéré jù, àti Samsung olówó gọbọi. Server tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti béèrè, Chrome á sì lè dáhùn pé 2GB ni mẹ́mórì fóònù yìí. Èyí sàn gan-an, torí agbára ló ń béèrè, kì í ṣe orúkọ. Safari àti Firefox ni kì í dá a lóhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìkànnì fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú tàbí fún ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ jọ̀wọ́, ojú ìwé tó fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù. Èyí tó bá fi hàn pé òun lágbára ni kẹ́ ẹ wá fi àwòrán ńlá kún tirẹ̀.