Èrò Inú Bọ́ọ̀sì, Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, gbogbo ìgbà la ń rí fọ́tò rẹ: Paris lónìí, Róòmù lọ́la. Ṣé wọ́n wá ń sanwó fún ọ pé o ń ṣe fàájì ni?

ÀBÚRÒ: Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì tí mò ń mú káàkiri Yúróòpù ló ń ṣe fàájì. Èmi ni mo ń jí kí wọ́n tó jí, èmi ni mo sì ń sùn kẹ́yìn. Ọmọ ọdún 18 sí 35 ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ti Australia, New Zealand àti Amẹ́ríkà wá. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1962 ni John Anderson, ọmọ New Zealand, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ọkọ̀ kékeré kan ní London, tí wọ́n jọ rin Yúróòpù. Ibẹ̀ ni Contiki, ilé-iṣẹ́ tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ rin ìrìn-àjò, ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ kọ́ lo sì ń wakọ̀. Kí wá niṣẹ́ tìrẹ?

ÀBÚRÒ: Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ alẹ́, ẹni tí inú ń run, ẹni tí páspọ́ọ̀tù rẹ̀ sọnù, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Èmi náà ni mo ń sọ ìtàn ìlú lórí máìkì. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi ìtàn ní Ítálì, mo dákẹ́. Ẹni tó ní ìwé-àṣẹ ló lè ṣàlàyé níbẹ̀. Kíka èrò ló wá ṣe pàtàkì jù. Kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, màá ka orí wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, màá tún kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Bí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, a ò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í wọ àárín Venice. Tronchetto ló ń dúró sí, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wa wọlé. Bí mo bá gbàgbé ọmọ kan sí kọ̀rọ̀ ibẹ̀ lóru, kí ni màá sọ fún ìyá rẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ dúró dè é, kí dírẹ́bà sáré lẹ́yìn náà.

ÀBÚRÒ: Sáré kẹ̀? Bí dírẹ́bà bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀, òfin Yúróòpù ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Wákàtí mẹ́sàn-án ló lè wà á lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ló lè wà á dé mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, àkókò gbogbo wa ló ń jẹ. Òfin yẹn wù mí púpọ̀. Ìbá dára ká rí irú rẹ̀ fún àwọn dírẹ́bà tó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Àbújá lóru.

Ẹ̀GBỌ́N: Àmín o. Owó ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Kò tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò máa ń fún wa lówó ọpẹ́ bí ìrìn bá parí. Bí òtútù bá sì ti dé, iṣẹ́ dín kù nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ mi fẹ́ lọ kàwé ní London. Ṣé kó wá irú iṣẹ́ rẹ yìí ṣe?

ÀBÚRÒ: Páspọ́ọ̀tù Ireland tí mo ní ló gbà mí. Láti oṣù kìíní 2021, lẹ́yìn tí Britain kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, páspọ́ọ̀tù Britain gan-an kò fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ iṣẹ́ ní Faransé tàbí Ítálì mọ́, ká má tíì sọ físà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ ìwé kó tó náwó lé iṣẹ́ náà lórí.