Ọjọ́ Kan ní Ouando: Ohun Tí Kò Yẹ Kí A Dà Nù

Ní ọdún Àjíǹde tí a ṣe kọjá yìí, àwa ọmọ ìyá kan náà pàdé ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, lọ́dọ̀ ìyá wa. Àwọn kan wá láti Èkó, wọ́n gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgólò. Àwọn kan wá láti Kútọnu. Gbogbo wa jẹ́ 17, a sì ti lo ọdún 3 láìfojú kan ara wa.

Ayọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan bà wá nínú jẹ́. Àwọn ọmọ Èkó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Kútọnu ń sọ Faransé. Igun méjì ni wọ́n jókòó sí nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìyá wa kò gbọ́ ju Yorùbá àti Ègùn lọ. Bí ó bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a sì yíjú sí wa kí a túmọ̀ fún wọn. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ìyá wa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: "Ṣé ọmọ-ọmọ ni ẹ kó wá fún mi ni, àbí àlejò?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa, nítorí a mọ̀ pé àwa ni a jẹ̀bi.

Ní Ọjọ́rú, a háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan, gbogbo wa sì gba Ouando lọ. Ọjà ńlá kan wà ní àdúgbò yìí, níbi tí Ègùn àti Yorùbá ti ń dún pọ̀ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ibi tí a ń lọ gan-an ni oko Songhaï. Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó jẹ́ àlùfáà ẹgbẹ́ Dòmìníkì Mímọ́, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1985. Fadá yìí ti jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà kí ó tó padà wá sí Áfíríkà. Ilẹ̀ hẹ́kítà kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ó ti ju hẹ́kítà 20 lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Songhaï nítorí ìjọba ńlá ayé àtijọ́ tí ó wà létí Odò Ọya, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ti ṣe ohun ńlá rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa yí oko ká ń sọ Faransé. Àwọn ọmọ Kútọnu gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ Èkó kò gbọ́, ìyá wa kò sì gbọ́. Bí a ti fẹ́ túmọ̀, ìyá wa gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́." Ọmọbìnrin Kútọnu kan, ọmọ ọdún 14, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá tí ó ń ta kókó sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Ó ní wọ́n máa ń kó ìdọ̀tí jọ kí eṣinṣin lè yé sí i, kí ó sì di... Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìdin," ni ìyá wa wí. Gbogbo àwọn ọmọ sì wí pé, "Ìdin!"

Ìdin yìí ni oúnjẹ ẹja àti adìẹ. Ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀, ó sì tún ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ìyá wa mi orí, ó ní, "Ohun tí àwa ń dà sí ààtàn ni wọ́n sọ di ẹja yìí!"

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tọ̀ ọ́ lọ: "Ìyá àgbà, kí ni ẹ ń pe èyí?" Ọ̀yà ni. Pẹ́pẹ́yẹ ni. Ẹja àrọ̀ ni. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n kó irin iṣẹ́ sí, ọmọkùnrin Èkó kan nawọ́ sí ọkọ́, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ọkọ yín nìyí?" Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa. Ọkọ́ nìyí!" Nígbà tí a jókòó jẹun, kò sí igun méjì mọ́.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí ó pín ààlà láàárín wa. Síbẹ̀ àwọn bàbá wa ń kọjá, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìwé ààlà yẹn ni ó pín àwọn ọmọ wa sí igun méjì. Àwa òbí ni, tí a rò pé Yorùbá yóò dí wọn lọ́wọ́ ní ilé-ìwé, tí a sì gbé e lọ sí ààtàn.

A kò ní purọ́ fún yín pé wọ́n ti gbọ́ Yorùbá tán. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a ń gba Rósárì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ka díẹ̀ nínú àdúrà náà láti inú ìwé ní Yorùbá, ìyá wa sì ń ṣe àtúnṣe fún wọn. A fẹnu kò pé ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Mísà, wọn yóò pè é lórí fóònù fúnra wọn, òbí kankan kò sì gbọdọ̀ túmọ̀. Láti ìgbà náà, a ti ń ṣe é. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kì í ju márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ni.

Ẹ̀yin òbí, bí ìyá yín bá ṣì wà láàyè, ṣé àwọn ọmọ yín lè bá a sọ̀rọ̀? Kí Olúwa tí ó jíǹde jí ohun tí a ti dà nù nínú ilé wa dìde. Àmín.