Eyam, Abúlé Tó Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé

Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ní Sheffield gba àárín àwọn òkè Derbyshire kó tó já mi sí Eyam. Ilé olókùúta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó sì wà níwájú díẹ̀ nínú wọn. Mo ka ọ̀kan: orúkọ àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa nínú ilé náà ni.

Ní ọdún 1665, ẹrù aṣọ kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ibẹ̀. Ìtàn abúlé náà sọ pé aṣọ ọ̀hún tutù, ni George Viccars tó ń bá télọ̀ ṣiṣẹ́ bá sá a síwájú iná. Yọ̀rọ̀ afàjẹ̀mu tó gbé àrùn ti wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sin Viccars.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà 1666, àlùfáà ìjọ, William Mompesson, àti Thomas Stanley tó ti wà nípò náà rí, bẹ àwọn ará abúlé pé kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí àrùn má bàa ran àwọn aládùúgbò. Wọ́n gbà. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jọ́sìn ní gbangba ní àfonífojì Cucklet, kálukú sì ń sin òkú ìdílé rẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ìdí òkúta ààlà, lọ́nà Stoney Middleton. Ihò mẹ́fà ló wà lára rẹ̀. Mo ki ìka bọ ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ ti dán. Ọtí kíkan ni wọ́n ń bù sínú ihò wọ̀nyí, wọn a sì ju owó sí i kí ẹni tó gbé oúnjẹ wá láti ìta má bàa kó àrùn.

Ní Riley, lẹ́yìn abúlé, ni ibojì àwọn Hancock wà. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, Elizabeth Hancock sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà. Àdúrà wa ni pé kí ọmọ ó sin wá. Ìyá yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin mẹ́fà.

Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Lawrence, nítòsí àgbélébùú olókùúta tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ, mo rí ibojì Catherine, ìyàwó Mompesson. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ wọn kúrò nílùú, ṣùgbọ́n òun dúró ti ọkọ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 1666 ló kú.

Nǹkan bí 260 èèyàn ló ti lọ kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kọkànlá. Títí dòní, wọ́n ń ṣe ìrántí wọn ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ.

Àwọn àlùfáà méjèèjì ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ àti awakùsà òjé tí kò ríbi kó ọmọ wọn lọ, tí wọ́n sì pa àdéhùn mọ́, ni iyì Eyam tọ́ sí jù lọ.