Ẹja Tí A Kò Rí Pa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nílé kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé tí o ń kọ́ yìí, kí lèèyàn ń fi ṣe?" Makun-Omi níbẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìdáhùn.

Ọkọ̀ elénjìnnì kan gba orí àwọ̀n bàbá mi kọjá, ó sì fà á ya. Níwájú àwọn àgbà, awakọ̀ náà gbà láti san owó àwọ̀n. Ìyá mi ní kò tíì tán: "Ẹja ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a kò rí pa ńkọ́?"

Awakọ̀ fèsì pé, "Màmá, ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn náà lẹ ò ra epo."

Ìyá mi mú ìwé ọjà rẹ̀ jáde. Wọ́n wo iye tó pa lọ́jọ́ mẹ́sàn-án tó ṣáájú, wọ́n yọ owó epo àti ti yìnyín kúrò. Iye tó kù ni awakọ̀ san.

Nígbà tí mo padà sílé-ìwé ni mo ka ẹjọ́ Konyin. Kíbọọ̀dù tí a fi lè tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ni, ilé-iṣẹ́ Lancor ló ṣe é. Lọ́dún 2007, wọ́n pe One Laptop Per Child lẹ́jọ́ nílùú Èkó, wọ́n ní ó jí iṣẹ́ àwọn lò nínú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ iléèwé. Ilé-iṣẹ́ yẹn sẹ́. Mílíọ̀nù lọ́nà 20 dọ́là ni Lancor béèrè.

Báwo lèèyàn ṣe ń dé irú iye bẹ́ẹ̀? Lọ́yà lè fi hàn pé wọ́n jí nǹkan, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣírò rẹ̀? Ṣé àwọn tí ìjọba fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ì bá ra Konyin? Bí wọn kò bá ní í rà á, kì í ṣe ọjà ló sọnù; owó àṣẹ tí wọn ì bá san lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ká wá. Bí wọ́n bá sì ní í rà á, ká yọ owó tí wọn ì bá fi ṣe é kúrò, bí a ti yọ epo.

Bí a bá béèrè jù, adájọ́ kò ní í gbà wá gbọ́. Bí a bá béèrè kéré, olè jèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ áàpù ní yàrá yín, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ná àti ohun tí ẹ tà sílẹ̀. Ìwé ọjà ìyá mi ló gbà wá.