Kilarinẹ́ẹ̀tì àti Pòròpórò

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún gbọọrọ wá, èmi náà ni n kò jẹ́ kí ọmọdé gbọ́n lójú mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Ní ìgbà ìkórè ọkà bàbà kan ní Ṣakí, ní ọdún 1998, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ Fúlàní, mú igi pòròpórò wá sí kíláàsì. Ó ti fi ọ̀bẹ ya èèpo rẹ̀ díẹ̀, bí ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ ṣì so mọ́ igi. Ó fi ẹnu sí i, ó fọn ún. Ohùn kan jáde, ó há, ó sì dùn, bí ohùn ẹni tí ó ń ti imú sọ̀rọ̀. Mo gbà á, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo jù ú síta. Mo ní kíláàsì Yorùbá kì í ṣe gáà. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wò mí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àbúrò mi kan fún mi ní àwo jáàsì Miles Davis, Bitches Brew, tí ó jáde ní 1970. Lábẹ́ ìpè àti ìlù, ohùn kan ń rìn nísàlẹ̀ bí ejò nínú koríko. Bennie Maupin ni ó ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì olóhùn ìsàlẹ̀. Mo dìde lórí àga. Mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn rí.

Kilarinẹ́ẹ̀tì ti jọba rí nínú jáàsì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1938, Benny Goodman kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn Carnegie ní New York. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, sasofóònù gba ìtẹ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa pàápàá, sasofóònù ni Fẹlá gbé sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Eric Dolphy tún gbé kilarinẹ́ẹ̀tì olóhùn ìsàlẹ̀ dìde ní àwọn ọdún 1960, àwọn bí Don Byron àti Anat Cohen kò sì jẹ́ kí ohùn kilarinẹ́ẹ̀tì kú nínú àwo orin òde òní.

Kí ni ó mú kí ohùn méjèèjì bára mu? Ahọ́n kan ṣoṣo tí ó ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀pá oníhò ni. Ti kilarinẹ́ẹ̀tì, a gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀, a dè é mọ́ ẹnu rẹ̀. Ti pòròpórò, ara igi náà ni a ti yọ ọ́. Àwọn Dendi ní àríwá Benin ní irú rẹ̀, papo ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fọn ún, wọ́n sì ń fa èémí gbà á.

Láti 1981 sí 1985, Yusef Lateef, ògbóǹtagí olórin jáàsì, fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó wá sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà, ó ń ṣèwádìí nípa fèrè àwọn Fúlàní. Fèrè tirẹ̀ yàtọ̀ sí pòròpórò, ṣùgbọ́n ìtìjú mi kò yàtọ̀. Àgbà olórin ti òkè òkun wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Èmi tí ọmọ wọn jókòó síwájú mi, mo ṣẹ́ ohùn rẹ̀ sí méjì.

Nísinsìnyí, bí ìkórè bá dé, mo máa ń ní kí ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe mú pòròpórò wá, kí ó fọn ún fún gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọmọ ti 1998, n kò tún fojú kàn án lẹ́yìn tí ó jáde. Níbi yòówù tí ó bá wà, mo jẹ ẹ́ ní fèrè kan.