Ilẹ̀ Yàrá Ìyá Àgbà

Bí ènìyàn bá wọ ilé titun, ògiri àti òrùlé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yìn. Ilẹ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kì í sí lọ́kàn rẹ̀. Èmi náà kò ka ilẹ̀ sí nǹkan kan, títí di ọdún 2008 tí mo fẹ́ tún yàrá kan ṣe fún ìyá tí ó bí bàbá mi.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé wa wà ní Ìbàdàn. Nítorí pé ibẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó kọ́ ilé náà gbẹ́ yàrá kan wọ inú òkè. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìta, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ pátápátá. Àjà ilẹ̀ ni a ń pè é. Nígbà tí orúnkún Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́, mo pinnu pé yàrá yìí ni yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù.

Mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú, mo lọ sí ọjà. Mo rí pákó dídán, mo rí táìlì, mo sì rí rọ́ọ̀gì pupa kan tí ó rọ̀ bí òwú. Èyí ni ó wù mí. Mo rà á, mo tẹ́ ẹ láti igun dé igun. Ìyá Àgbà súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí òjò Oṣù Kẹfà dé, yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá Àgbà ń wúkọ́ ní òru, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún mi, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹ̀bùn mi dàbí ohun tí kò dára. Ní ọjọ́ tí mo ká etí rọ́ọ̀gì náà sókè, abẹ́ rẹ̀ ti bu, omi sì ń sun lára rẹ̀. Ojú tì mí gidigidi. Ojú ara mi ni mo ra rọ́ọ̀gì fún. Ìyá Àgbà ni ó ń fi àyà san owó rẹ̀.

Mo lọ pe àgbà bíríkìlà kan. Mo rò pé yóò sọ irú táìlì tí ó yẹ kí n rà, ṣùgbọ́n ọ̀rá kan péré ni ó bèèrè. Ó jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ ọ̀rá náà sí i, ó sì lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Ní ọjọ́ kejì, omi ti sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá náà.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ìsàlẹ̀ ni omi yìí ti ń wá. Sìmẹ́ńtì ní ihò tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú wọn gòkè bí epo ti ń gun òwú àtùpà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi ni kí a kọ́kọ́ wò.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. A gbẹ́ ẹ̀yìn ògiri náà dé ìpìlẹ̀, a fi ọ̀dà dúdú kùn ún, a sì la ojú àgbàrá fún omi òkè. Nínú yàrá, a fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní ìwọ̀n ínṣì 6, a fi yanrìn bò ó, a tẹ́ ọ̀rá dúdú tí ó nípọn lé e. Lẹ́yìn èyí ni a da kọnkéré: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta 4. A ń bomi rin ín fún ọjọ́ 7, a sì fi í sílẹ̀ títí ó fi pé ọjọ́ 28 kí ó lè le dáadáa.

Nígbà náà ni mo tó padà sí ọjà. N kò wo pákó, nítorí pákó a máa wú bí ó bá mu omi. N kò ra táìlì dídán, kí ó má baà yọ̀ mọ́ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki ni mo rà.

Ikọ́ òru náà dẹwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ìyá Àgbà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní:

“Ní Ifẹ̀, àpáàdì ni àwọn baba wa tò lóòró sí àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí. Ta ni yóò wo ìkòkò fífọ́ kí ó pè é ní ẹwà? Síbẹ̀ ó ti lé ní 500 ọdún, wọ́n sì tún ń rí i nínú ilẹ̀ títí di òní.”